Oríkèé Mẹ́ta: Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Irin Jíjó Ṣe Lè Kan Ọkọ̀ Tí Káìtì Ń Fà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò mu epo, tí káìtì (aṣọ ńlá olókùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò) ń wọ́ kiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú la fẹ́ sọ lónìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìjórin la sì ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1826, olùkọ́ kan ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Pocock, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí kẹ̀kẹ́ tí káìtì ń fà, ó pè é ní Charvolant. Láyé ìgbà náà, iye ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ojú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Pocock kò ní ẹṣin kankan, oníbodè ò sì rí nǹkan kan kà. Irú èyí tí ayé ń lò báyìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1990 láti ọwọ́ Peter Lynn, oníkáìtì ọmọ ilẹ̀ New Zealand: táyà kékeré mẹ́ta, ìjókòó tó rọ̀ sísàlẹ̀ láàrin ọ̀pá méjì, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń darí táyà iwájú nítorí káìtì ti gba ọwọ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà, ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹni tó bá ń kọ́ irin jíjó máa ń rò pé bí ojú jíjó òun bá ti dán, tó tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Nínú gbogbo ọkọ̀ yìí, oríkèé mẹ́ta péré ló lè ṣe èèyàn léṣe bó bá já lórí eré: ibi tí ọ̀pá àárín ti kan páìpù ọrùn (páìpù kúkúrú iwájú tí ọ̀pá ìyíwọ́ ń yí nínú rẹ̀), ibi tí ọ̀pá ìyíwọ́ ti wọ orí fọ́ọ̀kì (irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú), àti ibi tí ọ̀pá àárín ti kan ọ̀pá ìdábùú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá sán, ìjókòó á dẹ̀, ẹ ó bú, ẹ ó tún un jó. Nítorí náà, a ya ọkọ̀ yìí lọ́nà tí iṣẹ́ tó le kò fi ní pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó lè lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí oríkèé mẹ́ta wọ̀nyí, kó sì tún rí àyè rí i pé ohun gbogbo gún régé. Ọkọ̀ tí ojú jíjó rẹ̀ burú ṣùgbọ́n tó gún, ó ṣeé gùn. Èyí tí ojú jíjó rẹ̀ lẹ́wà ṣùgbọ́n tó wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa fà lọ títí ayé.

Ohun tí ẹ ó rà

Ẹ ra páìpù irin dúdú, kí ògiri gbogbo wọn jẹ́ 3.2 mm. A mọ̀ pé páìpù 2 mm fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò tíì mọ iná á kàn máa da á lu ni. Èyí tó nípọn tó 3.2 mm á fara da ìfàsẹ́yìn àti àṣìṣe, iná kan náà lẹ ó sì fi jó gbogbo ọkọ̀ náà láìtún ẹ̀rọ tò. Páìpù 48.3 mm, ẹ ó nílò mítà 1.2, 42.4 mm, ìlàjì mítà àti díẹ̀, ká pè é ní 0.7; 33.7 mm, mítà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀pá irin tó ṣù, tí kò ní ihò nínú, tó fẹ̀ ní 20 mm kún un, mítà méjì. Irin pẹlẹbẹ 10 mm kékeré kan wà fún orí fọ́ọ̀kì, 8 mm fún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti fún wáṣà ńlá mẹ́rin tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, 4 mm fún irin onígun mẹ́ta tí ẹ ó fi ti oríkèé páìpù ọrùn lẹ́yìn. Bí ẹ bá parí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú táyà, ọkọ̀ náà á wọ̀n tó bíi 30 kg. Ó wúwo díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Kò burú: ohun tí ìwúwo ń gbà lọ́wọ́ yín nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ó ń dá a padà nígbà tó bá le, nítorí káìtì kò ní rọrùn láti fi ọkọ̀ náà yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ má ra páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, bó ti wù kó dán tó. Èéfín síńkì tó ń jóná máa ń fa ibà, ìgbọ̀nrìrì àti orí fífọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ fi gíráíńdà ha síńkì náà kúrò tó 50 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nínú àti lóde, kí ẹ sì jó o níta gbangba. Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ: ẹ má fi oògùn ìfọbíréèkì tó ní chlorine nu irin kí ẹ tó jó o. Iná ìjórin lè sọ òórùn rẹ̀ di phosgene, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọṣẹ àti omi tó, kí irin ṣáà gbẹ dáadáa.

Táyà bárò, nọ́ńbà 4.80/4.00-8, ló wọ́pọ̀ jù lórí ọkọ̀ yìí. Ó ga tó 400 mm, ó sì fẹ̀ tó 100 mm. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni bẹ́ríǹ tó bá a wá. Ike tàbí bẹ́ríǹ tó ní ọ̀pá wẹ́wẹ́ nínú, tí wọ́n fi sínú bárò, ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún; bí ẹ bá fi sáré lórí iyanrìn, kì í pẹ́ jẹ. Ẹ wá ríìmù tó gba bẹ́ríǹ 6204-2RS, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 20 mm, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 47 mm, tó nípọn 14 mm. Àmì 2RS yẹn túmọ̀ sí pé rọ́bà bo ojú méjèèjì, iyanrìn ò ní tètè wọlé. Ẹni tó bá wọ̀n ju 90 kg lọ, kó lo ọ̀pá 25 mm àti bẹ́ríǹ 6205: ọ̀pá 25 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó ìlọ́po méjì 20 mm láti má ṣe tẹ̀, nítorí pé agbára tí ọ̀pá fi ń kọ ìtẹ̀ ń lọ sókè bí ìgbà tí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta (ìbú × ìbú × ìbú). Bí ríìmù yín bá jẹ́ alápá méjì tí wọ́n fi bóòtù dè, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kan. Ríìmù tó ṣí nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ ti já èèyàn níka rí.

Iná, àti ìdánwò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rọ ìjórin kékeré tó ń lo ẹlẹ́ktíróòdù tó rí bí igi tín-ín-rín tó. Ẹ lo ẹlẹ́ktíróòdù 6013 tó nípọn 2.5 mm, kí iná wà láàrin 75 àti 85 ampere fún páìpù 3.2 mm. Kí ẹlẹ́ktíróòdù gbẹ. Èyí tó ti mu omi á máa ta pẹ́pẹ́pẹ́, ojú jíjó rẹ̀ á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Gíláàsì ìbòjú, nọ́ńbà 10 tàbí 11. Ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ òwú tó bo ọrùn, bàtà tó bo orí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wo iná náà láìbojú, alẹ́ ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lójú.

Àlàfo láàrin orí ẹlẹ́ktíróòdù àti irin kò gbọdọ̀ ju ìnípọn ẹlẹ́ktíróòdù náà lọ. Etí lẹ fi máa mọ̀ ọ́n: bó bá wà níbi tó yẹ, á máa dún ṣááá bí epo tí wọ́n ń dín nǹkan nínú rẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Bó bá ń ta pàràpàrà, ẹ ti jìnnà jù. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ irin, iná ti kéré tàbí ọwọ́ ti sún mọ́ jù. Ẹ máa fà á lọ sẹ́yìn, kí ìdí rẹ̀ fi bíi dígírì 15 dagun sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì máa wo adágún irin yíyọ́, ẹ má wo iná. Ẹnu adágún yẹn gbọ́dọ̀ jẹ irin méjèèjì lọ́gbọọgba. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé irin kan ṣoṣo ló ń yọ́, èkejì kàn gbà á sórí lásán. Ó máa ń dára lójú. Bí ẹ bá gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, á ṣí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ gé àwọn àjákù páìpù kan náà, kí ẹ jó wọn ní ìdábùú bíi lẹ́tà T, ní apá kan ṣoṣo. Ẹ gbé e sínú fáísì, kí ẹ fi òòlù gbá a láti ìhà tí ojú jíjó ò sí lọ sí ìhà tó wà, kó lè ṣí ẹnu. Bí ojú jíjó bá já kúrò lára irin kan ní pẹlẹbẹ tó ń dán, iná kò wọlé. Bí ìdàrọ́ dúdú bá wà nínú rẹ̀, ẹ ti ń yára jù tàbí ẹ kò ha ìdàrọ́ àkọ́kọ́ dànù kí ẹ tó tún gùn ún. Bí irin fúnra rẹ̀ bá tẹ̀, tó fà ya kí ojú jíjó tó já, ó ti yá. Ẹ ṣe é títí mẹ́ta yóò fi dára léraléra láìsí ọ̀kan tó kùnà láàrin wọn. Ọ̀kan tó dára lẹ́yìn márùn-ún tó kùnà, oríire ni, kì í ṣe ìmọ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀: ẹ má jó ọ̀pá táyà

Ọ̀pọ̀ ètò tí èèyàn ń rí kiri ní kí ẹ fi ọ̀pá kúkúrú méjì sí ẹnu páìpù ẹ̀yìn, kí ẹ sì jó wọn mọ́ ọn. A kò fara mọ́ ọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣòro kí ọ̀pá méjì tí wọ́n jó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó dojú kọ ara wọn gérégéré. Èkejì ni pé ẹnu páìpù gan-an ni ọ̀pá náà ti ń tẹ̀ jù, iná ìjórin sì ti yí ìṣe irin padà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kán sí.

Ohun tó dára jù ni ọ̀pá 20 mm kan ṣoṣo, tó gùn ní 1,280 mm, tó la páìpù 48.3 já láti òkè dé òkè. Páìpù náà gùn ní 1,000 mm, nítorí náà ọ̀pá á yọ jáde ní 140 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan fún táyà, wáṣà àti nọ́ọ̀tù. Láti àárín táyà kan dé àárín èkejì, ẹ ó ní bíi 1,120 mm. Inú páìpù yẹn fẹ̀ ní 41.9 mm, ẹ ó sì nílò wáṣà irin mẹ́rin tó nípọn 8 mm, tí ìta wọn jẹ́ 41.5 mm, tí ihò wọn jẹ́ 20 mm. Ẹ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyírin kó gé wọn. Ìnáwó kékeré yìí ló tó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Páìpù tí wọ́n tẹ̀ jó máa ń ní igun kan tó yọ nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi fáìlì gígùn ha á kúrò kí wáṣà tó lè wọlé. Wáṣà méjì á wà ní ẹnu páìpù, méjì yòókù á wọlé ní 150 mm. Fún àwọn ti inú, ẹ lu ihò 8 mm mẹ́ta yí páìpù náà ká ní ibi tí wáṣà bá wà, kí ẹ fi iná kún ihò náà títí yóò fi bá wáṣà tó wà nísàlẹ̀ yọ́ pọ̀. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nínú wọn nígbà tí ẹ bá ń jó, kí wọ́n lè dojú kọ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà há.

Ọ̀pá náà kò ní fojú kan iná rárá. Bóòtù 8 mm kan tó la páìpù àti ọ̀pá já ní àárín gbùngbùn ló máa mú un kó má yọ sí ẹ̀gbẹ́. Àárín yẹn kò gba ìtẹ̀ kankan, wáṣà mẹ́rin ti gbé e, nítorí náà ihò kò bà á jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá já sínú kòtò tí ọ̀pá sì tẹ̀, ẹ tú bóòtù kan, ẹ fa ọ̀pá yọ, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́.

Àárín ọkọ̀

Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ na ẹsẹ̀ kí orúnkún ṣẹ́ díẹ̀. Láti ògiri dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ìwọ̀n tó ń sọ bí ọ̀pá àárín yín ṣe máa gùn tó. Fún ẹni tí kò ga jù, tí kò kúrú jù, ọ̀pá 42.4 tó gùn ní 650 mm máa ń tó. Iwájú rẹ̀ kan páìpù ọrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ọ̀pá ìdábùú 33.7 tó gùn ní 400 mm. Láti etí ọ̀pá ìdábùú yẹn, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjì, bíi 700 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gòkè lọ sẹ́yìn, wọn á sì jókòó lórí òpó kúkúrú 200 mm méjì tó dúró lórí páìpù ẹ̀yìn. Kí àlàfo láàrin wọn níbi ìdí ju ìbú ìdí yín lọ ní 60 mm. Bó bá fún jù, egungun ìdí yín ló máa sọ fún yín lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Ẹnu páìpù tó bá máa kan páìpù mìíràn gbọ́dọ̀ ní ẹnu ẹja, ìyẹn ni pé kí ẹ gbẹ́ ẹ kó lè gbá ara páìpù kejì mọ́. Ẹ fi páálí wé orí páìpù, ẹ ya ìlà, ẹ gé e, ẹ fi gíráíńdà tún un ṣe títí àlàfo kò fi ní ju 1 mm lọ níbikíbi. A ń tẹnu mọ́ ọn: iṣẹ́ gíráíńdà ni ìlàjì iṣẹ́ ìjórin. Ẹni tó bá fi iná dí àlàfo 4 mm, yóò da páìpù lu, yóò tún fi iná dí èyí tó dà lu, yóò sì gbàgbé pé oríkèé lòún ń ṣe.

Ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tákì oríkèé kọ̀ọ̀kan (ìyẹn, jó o díẹ̀ kó lè dúró) ní ojú mẹ́rin péré, kí tákì kọ̀ọ̀kan gùn ní bíi 8 mm. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi tépù wọn láti àárín páìpù ọrùn dé ẹnu ọ̀pá táyà ọ̀tún, àti dé ti òsì. Ìyàtọ̀ tó bá ju 2 mm lọ, ẹ gé tákì kan, ẹ fa á, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ tún dúró lẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá páìpù ọrùn dúró ṣánṣán sí páìpù ẹ̀yìn. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì méjì péré, táyà iwájú á máa wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Irin tó gbóná ń sún kì nígbà tó bá ń tutù, ó sì ń fa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Òpó méjì tí ẹ jó sórí páìpù ẹ̀yìn, ẹ̀yìn òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fà, nítorí náà etí páìpù méjèèjì á gbé sókè, orí táyà á sì dagun sínú. Bí ẹ bá tún wá jókòó sórí rẹ̀, ìwúwo yín á fi kún un. Ẹ dè páìpù náà mọ́ irin gbọọrọ tó le, kí ẹ fi ohun tó nípọn 3 mm sábẹ́ àárín rẹ̀, kí ẹ fi kílámpù tẹ etí méjèèjì wálẹ̀ kí ẹ tó jó o. Ẹ jó ìlà kan ní òpó ọ̀tún, ẹ kọjá sí òsì, ẹ padà. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tú kílámpù; ẹ má bu omi sí i.

Iwájú ọkọ̀

Páìpù ọrùn jẹ́ 48.3 mm, ó gùn ní 130 mm. Inú rẹ̀ tó jẹ́ 41.9 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìta bẹ́ríǹ 6004-2RS mu, tó jẹ́ 42 mm tí ihò rẹ̀ jẹ́ 20 mm. Ẹ fi fáìlì àti sáńdípépà ṣí ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó o tán, nítorí iná á ti mú kó má rí róbótó mọ́. Bẹ́ríǹ kankan kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ nígbà ìjórin. Yàtọ̀ sí ooru, bí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ bá wà ní apá kan bẹ́ríǹ tí ẹ sì ń jó ní apá kejì, iná á gba àárín àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá, á sì gbẹ́ wọn ní ihò tóótòòtó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní yí dáadáa mọ́ láéláé.

Kí páìpù ọrùn dagun ní dígírì 60 sí ilẹ̀, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, tó jẹ́ páìpù 33.7 méjì, 300 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀pá ìyíwọ́. Wọ́n á síwájú rẹ̀ ní 40 mm. Pẹ̀lú táyà tó ga ní 400 mm, ìlà ọ̀pá ìyíwọ́ á kan ilẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ ní bíi 70 mm. Àlàfo 70 mm yìí ló ń mú kí táyà máa tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn dípò kó máa jà. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 20 mm, táyà á máa gbọ̀n wìnnìwìnnì lórí eré. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 150 mm, ẹsẹ̀ á máa rẹ̀ yín, táyà á sì máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà díẹ̀.

Orí fọ́ọ̀kì ni irin pẹlẹbẹ 10 mm, 100 mm ní ìbú, 200 mm ní gígùn. Ẹ lu ihò 20 mm sí i, kí ọ̀pá ìyíwọ́ wọ inú rẹ̀ kó sì yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ jó o yípo lókè àti nísàlẹ̀. Irin 10 mm máa ń mu ooru lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi iná gáàsì mú un gbóná díẹ̀ tàbí kí ẹ gbé iná sókè sí 90, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá ló máa yọ́, irin pẹlẹbẹ á sì dúró tútù. Ẹ má lo bóòtù líle tó ní àmì 8.8 bí ọ̀pá ìyíwọ́. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ fún nọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná ìjórin ń ba líle tó ní jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó rẹ̀ á sì le gbẹ̀gẹ́dẹ̀, á lè kán láìtẹ̀. Ọ̀pá irin lásán tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ló yẹ. Láàrin ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, ẹ fi 130 mm sílẹ̀, nítorí táyà tó gba afẹ́fẹ́ á wú, iyanrìn tútù á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìtẹ̀sẹ̀ á wà ní ìta ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, díẹ̀ sókè ibi tí ọ̀pá táyà wà, 180 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí irin kékeré kan dúró lẹ́nu rẹ̀ kí bàtà má baà yọ̀ bọ́. Ẹsẹ̀ tó bá já bọ́ sílẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ á gun orí rẹ̀.

Níbi tí ọ̀pá àárín ti kan páìpù ọrùn, ẹ fi irin 4 mm onígun mẹ́ta kún igun ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe òkè. Nígbà tí táyà iwájú bá gun òkìtì, tí ìwúwo yín sì ń tẹ àárín wálẹ̀, apá ìsàlẹ̀ oríkèé yẹn ló ń ya. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú jíjó parí sí ẹnu ṣóṣóró irin náà. Ẹ fi yípo ẹnu rẹ̀, nítorí ibi tí ojú jíjó bá ti dúró lójijì ni ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ẹlẹ́ktíróòdù kúrò, ẹ padà sẹ́yìn ní bíi 10 mm kí kòtò ìparí lè kún.

Ìjókòó, ìwọ̀n, àti káìtì

Ìjókòó jẹ́ aṣọ tapólì líle tí ẹ fi okùn pẹlẹbẹ 50 mm rán sí lábẹ́, tó sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́. Kí ìdí yín wà ní bíi 100 mm sí ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó. Táyà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ fi wà ní 200 mm, ìyẹn ni pé ẹ ó jókòó sísàlẹ̀ ọ̀pá táyà, káìtì á sì nílò agbára púpọ̀ kó tó dà yín nù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé sábẹ́ táyà iwájú, ẹ to pákó sábẹ́ ti ẹ̀yìn kí wọ́n lè dọ́gba, kí ẹ wá jókòó. Iwájú yẹ kó gbé ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìwúwo tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá dín, táyà iwájú á máa yọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà. Ẹ fa okùn ìjókòó síwájú. Ọkọ̀ yìí kò ní bíréèkì, nítorí náà táyà iwájú tó ń di ilẹ̀ mú ló gbé ìrètí yín dání.

Lórí káìtì, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Agbára afẹ́fẹ́ ń lọ sókè bí ìgbà tí ẹ bá fi eré rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (eré × eré): bí afẹ́fẹ́ bá ti 15 dé 30 kìlómítà ní wákàtí, agbára tó ń fà yín kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Fún ẹni tó wọ̀n ní 75 kg, káìtì olókùn mẹ́rin tó jẹ́ 5 m² ló ṣeé bẹ̀rẹ̀ ní 15 sí 20, kó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 3 m² bó bá dé 25 sí 30. Bó bá kọjá 35, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti káìtì bọ àpò. Ẹ kọ́ ọ ní ìdúró kí ẹ tó jókòó, títí ẹ ó fi lè yí i láìwò ó. Okùn ìdádúró tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ àti okùn bíréèkì káìtì ṣe pàtàkì: bí ẹ bá jọ̀wọ́ ìdìmú, òun ló máa fa etí ẹ̀yìn káìtì kó lè dà wálẹ̀ láìlágbára. Ẹ má so ara yín mọ́ ọkọ̀ láéláé, ẹ má sì gbé káìtì sókè níbi tí wáyà iná wà nítòsí. Akoto lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Láti dúró, ẹ yà díẹ̀díẹ̀ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ má yà lójijì.

Táyà lórí iyanrìn líle tàbí koríko kúkúrú, 15 sí 20 psi. Lórí iyanrìn rírọ̀, ẹ dín in kù títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi pẹlẹbẹ díẹ̀.

Ẹ má kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tó nípọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀dà funfun fẹ́lẹ́ kan lórí oríkèé mẹ́ta yẹn ló dára jù, nítorí ìsán tó tín-ín-rín bí irun á hàn lórí rẹ̀ bí ìlà tó dógùn-ún. Ẹ lọ bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dá a dúró, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ yẹ oríkèé mẹ́ta náà wò, kí ẹ sì mú gbogbo nọ́ọ̀tù le. Ìsán tí ẹ bá rí, ẹ má jó òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ lu ihò 3 mm sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kó má baà lọ síwájú, ẹ fi gíráíńdà gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò títí irin á fi mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá jó o láti ìsàlẹ̀ wá sókè.